Ẹranko Orí Òrùlé Tó Ń Kọjú sí Afẹ́fẹ́

Bí òjò bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ fara balẹ̀ wo adìẹ tó bá wà ní ìta gbangba. Kì í fẹ́ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Yóò yí ara rẹ̀ padà, yóò na ọrùn síwájú, yóò kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ìyẹ́ ara rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tí kò bá tètè yí, tí afẹ́fẹ́ bá a láti ẹ̀yìn, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ á ṣí sókè, ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ á sì hàn sí gbangba. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ sọ, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ni mo sì máa ń pa á fún. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn àkùkọ onírin tí àwọn òyìnbó ń gbé sórí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo tó rí i pé ibi tí àwọn àgbà wa jókòó sí wo adìẹ, ibẹ̀ náà ni àwọn baba ńlá tiwọn jókòó sí.

Atọ́ka afẹ́fẹ́ ni mo máa pe nǹkan ọ̀hún, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á ri ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tó ga jù lórí ilé, wọ́n á gbé ère kan sí ṣóńṣó rẹ̀ lọ́nà tí ère náà á fi lè máa yí, wọ́n á sì na apá irin mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fi àríwá, gúúsù, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn hàn. Apá mẹ́rin yẹn kì í yí. Ère ló ń yí, ibi tí orí rẹ̀ bá sì kọjú sí ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kó tó di pé rédíò ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, òun ni àgbẹ̀ ń gbójú sókè wò láàárọ̀ kó tó gé koríko tó fẹ́ sá fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, òun ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ń wò kó tó tú okùn ọkọ̀ ní èbúté. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní àdúgbò kan á ti mọ afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé òtútù bọ̀, bí àwa náà ṣe mọ̀ pé àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Lóde òní, aṣọ gígùn oníhò bí apá agbádá, tó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ló ń bá awakọ̀ òfurufú ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ère sórí ilé fún afẹ́fẹ́. Ní ìlú Áténì nílẹ̀ Gíríìsì, ilé òkúta onígun mẹ́jọ kan ṣì wà lórí ìdúró tí Andronikos ará Cyrrhus kọ́ kí wọ́n tó bí Jésù. Ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kan. Vitruvius, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́, sọ pé ère idẹ Triton ló wà lókè rẹ̀, tó na ọ̀pá síwájú láti fi hàn èyí tó ń fẹ́ nínú àwọn afẹ́fẹ́ mẹ́jọ náà. Ọmọ òrìṣà òkun ni Triton. Láti ìbàdí sókè, ènìyàn ni. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ẹja ni. Láti ìgbà yẹn wá, ẹranko ti ráyè wọ inú iṣẹ́ náà.

Kí n tó sọ ìtumọ̀ àwọn ẹranko wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń yí, nítorí inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ẹ mú páálí kan kí ẹ gé e bí àkùkọ: orí kékeré, àyà, ìrù ńlá tó tẹ́ rẹrẹ. Ẹ ti abẹ́rẹ́ gígùn kan bọ̀ ọ́ láti abẹ́ ikùn sókè, kó sún mọ́ àyà ju ìrù lọ, kí ó sì máa yí lára abẹ́rẹ́ náà. Ẹ wá gbé e síwájú fáànù. Lójú ẹsẹ̀, ìrù á sá sẹ́yìn, orí á sì kọjú sí fáànù gan-an. Orí kò ṣe ohunkóhun. Ìrù ló fẹ̀ ju orí lọ, ara ohun tó bá fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń ríbi gbá mú, á sì máa tì í lọ títí tó fi máa bọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá tí afẹ́fẹ́ kò ní ríbi tì í mọ́. Ohun tó le nínú rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ nìyí: ìwúwo iwájú ọ̀pá àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ère má bàa tẹ̀ sí apá kan kó há, àmọ́ fífẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba rárá. Nítorí èyí, ẹ máa rí ẹṣin kan tó dà bíi pé bàbà ni gbogbo ara rẹ̀, tó sì jẹ́ pé síńkì líle ni wọ́n fi dá orí àti àyà, tí bàbà fẹ́lẹ́ jẹ́ ìdí àti ìrù. Ilé iṣẹ́ J. Howard ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní ọ̀rúndún 19.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ro ọ̀rọ̀ náà débí yìí kí wọ́n tó fi atọ́ka afẹ́fẹ́ búni. Ní ilẹ̀ Faransé, olóṣèlú tí kò dúró lójú kan, girouette ni wọ́n ń pè é, orúkọ atọ́ka afẹ́fẹ́ gan-an. Ní ọdún 1815, nígbà tí Napoleon ti ṣubú, tó ti padà wá, tó tún ti ṣubú, wọ́n tẹ odindi ìwé kan jáde ní Paris tó to orúkọ àwọn ọlọ́lá tó ti búra fún ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn. Orúkọ atọ́ka afẹ́fẹ́ yìí náà ni wọ́n fi sọ ìwé ọ̀hún. Èébú náà bá àwọn ọlọ́lá yẹn mu. Kò bá àkùkọ orí ilé mu. Ewé gbígbẹ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èéfín ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, àti ọ̀rá tí wọ́n jù sí títì. Àkùkọ ń yí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kó lè dojú kọ ohun tó ń bọ̀ ni ó ṣe ń yí. Bí ìjì bá ti ìlà oòrùn wá, ìlà oòrùn ló ń wò. Bó bá gba ìwọ̀ oòrùn wá, ibẹ̀ ló máa gbé àgógó ẹnu rẹ̀ sí. Ojúmọ́ kan kò mọ́ tó kẹ́yìn sí ìjì.

Àwọn tó ń gbé e sórí ṣọ́ọ̀ṣì láyé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Ẹni tí àlàyé rẹ̀ yé mi jù ni Guillaume Durand, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Mende ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ní ọ̀rúndún 13, ó kọ ìwé ńlá kan lórí ìtumọ̀ ohun gbogbo tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta ògiri, fèrèsé àti agogo. Nígbà tó kan àkùkọ orí òrùlé, ó ní oníwàásù ni. Ọ̀pá irin tó gbé àkùkọ dúró ṣánṣán, ọ̀rọ̀ ẹnu oníwàásù ni, kò gbọdọ̀ wọ́. Bí àkùkọ ṣe ń pín wákàtí òru tó sì ń jí olóorun, iṣẹ́ oníwàásù nìyẹn. Kí àkùkọ tó kọ, á kọ́kọ́ fi ìyẹ́ apá gbá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí oníwàásù kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí kó tó bá ẹlòmíràn wí. Ó wá dé orí afẹ́fẹ́: ó ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni afẹ́fẹ́, oníwàásù sì gbọ́dọ̀ kọjú sí wọn bí àkùkọ ṣe ń ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin adìẹ rí á mọ̀ pé ẹni tó kọ ìyẹn mọ àkùkọ. Ìró ìyẹ́ apá yẹn, pà-pà-pà nínú òkùnkùn ìdájí, kí ohùn tó jáde, gbogbo wa tí a dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń sin adìẹ la mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí kọ́ nínú ìwé.

Kí Durand tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, àkùkọ ti lò ju 400 ọdún lọ lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn Pétérù ló gbé e débẹ̀. Gbogbo ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló mọ̀ ọ́n: Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní òru ọjọ́ kan, àkùkọ kọ, ó rántí, ó bú sẹ́kún. Póòpù Leo Kẹrin, tó wà lórí oyè láti 847 sí 855, gbé àkùkọ sórí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ àtijọ́ ní Róòmù, ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Pétérù sí. Nínú àwọn àkùkọ tó ṣì wà títí dòní, èyí tó dàgbà jù ṣáájú ìyẹn díẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Rampertus ti ìlú Brescia, ní àríwá Ítálì, ló ní kí wọ́n ṣe é ní nǹkan bí ọdún 820 sí 830. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì San Faustino ló sì ti gba òjò àti oòrùn fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Santa Giulia nínú ìlú yẹn náà ló wà báyìí. Ogbe rẹ̀ ṣì dúró, ìrù rẹ̀ ṣì ga.

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí lọ. Nínú aṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Bayeux, tó gùn tó nǹkan bí 70 mítà, tí wọ́n fi òwú kọ ìtàn bí àwọn ará Normandy ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 sí lára, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì Westminster ní London. Wọ́n fẹ́ gbé òkú Ọba Edward wọ inú rẹ̀ lọ. Ní ìkángun òrùlé, ọkùnrin kan ń gòkè, ó na ọwọ́ sókè, ó ń gbé àkùkọ sí ààyè rẹ̀. Ìparí Oṣù Kejìlá 1065 ni wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sí mímọ́, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọba fi kú. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ sára aṣọ yìí fẹ́ ká mọ̀ pé ilé náà tutù, pé ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin kan máa gbé àkùkọ sórí òrùlé, ó tó. Nígbà yẹn, àkùkọ ni ohun ìkẹyìn tí wọ́n fi ń parí ilé Ọlọ́run.

Ní Paris, ó ju ọ̀ṣọ́ ìparí ilé lọ. Àkùkọ bàbà tó wà lórí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tẹ́lẹ̀ ní ẹrù nínú. Ní 1935, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kó àwọn ohun mímọ́ sínú rẹ̀: ẹ̀gún kan látara adé tí wọ́n gbà pé wọ́n dé Jésù lórí, àti ohun ìrántí Denis Mímọ́ àti Geneviève Mímọ́ tí wọ́n jẹ́ alábòójútó ìlú náà. Ìdí tó fi ṣe é ni pé kí ẹyẹ náà lè máa gba ààrá tó bá fẹ́ ṣubú lé àwọn olùjọsìn, bí irin orí ilé ṣe ń gba mànàmáná. Nígbà tí iná sọ ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹrin 2019, tí ṣóńṣó náà wó lulẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n rò pé àkùkọ ti yọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i nínú àwókù, ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, àmọ́ ó pé.

Bí mo ṣe ka ìyẹn, ọkàn mi lọ sí Cuba. Àwọn tó jogún ìṣẹ̀ṣe Yorùbá níbẹ̀ ní òsùn tiwọn: ọ̀pá irin kékeré tó ní ife lórí, agogo wẹ́wẹ́ so rọ̀ mọ́ ọn, àkùkọ kékeré kan sì dúró lórí ìdérí rẹ̀. Inú ife yẹn ni ohun tí wọ́n fi yà á sí mímọ́ wà. Ibi gíga nínú ilé ni wọ́n ń gbé e sí, ó ń ṣọ́ onílé, bó bá sì ṣubú láìjẹ́ pé ẹnì kan ta lù ú, wọ́n á mọ̀ pé ewu wà nítòsí. Ẹyẹ ló wà lórí òsùn àwọn babaláwo nílé níbí pẹ̀lú, gbogbo ẹni tó bá sì mọ òsùn mọ̀ pé kì í dùbúlẹ̀. Ẹyẹ lókè, ohun mímọ́ nínú rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, ìdúró ṣánṣán: ará Paris tó gbójú sókè wo Notre-Dame àti ará Havana tó gbójú sókè wo òsùn rẹ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ó yé ara wọn.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló gba àkùkọ. Ní ìwọ̀ oòrùn àríwá Jámánì, pàápàá ní Ostfriesland, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì Luther tó jẹ́ pé ẹyẹ swan, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó máa ń léfòó lórí omi, ló ń tọ́ka afẹ́fẹ́ fún wọn. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Jan Hus, oníwàásù ará Bohemia tí wọ́n dáná sun ní ìlú Konstanz ní 1415. Ní èdè tirẹ̀, orúkọ ẹyẹ ńlá kan tó jẹ́ ẹbí pẹ́pẹ́yẹ ni Hus. Wọ́n ní kó tó kú, ó ní ẹyẹ ilé lásán ni ẹ ń sun lónìí, ṣùgbọ́n ẹyẹ swan kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi tí ẹ kò ní lè sun. Ní 1517, ọdún 102 lẹ́yìn náà, Martin Luther gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Wittenberg, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbà pé òun ni ẹyẹ swan náà. Ẹ wo bí ẹyẹ kan lórí òrùlé ṣe lè sọ fún àlejò, kó tó wọ ìlú, irú ìsìn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Dírágónì yàtọ̀. Ẹ̀rù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn Viking, àwọn jagunjagun ojú omi ti àríwá Yúróòpù, máa ń fi idẹ tí wọ́n fi wúrà bò ṣe atọ́ka afẹ́fẹ́ sórí ọkọ̀ wọn. Ẹranko abàmì tó lọ́ mọ́ ejò ni wọ́n ń gbẹ́ sára rẹ̀, wọ́n sì dá ihò sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tí afẹ́fẹ́ á máa jù. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú wọn, bíi ti Söderala ní Sweden àti ti Heggen ní Norway, orí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí wọn: nígbà tí àwọn ọmọ ajagun di onígbàgbọ́, wọ́n gbé ohun orí ọkọ̀ lọ sórí ilé àdúrà. Ní Ghent, nílẹ̀ Belgium, láti 1377 ni dírágónì bàbà ti wà lórí ilé ìṣọ́ ìlú. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ yẹn tí wọ́n ń kó ìwé ẹ̀tọ́ ìlú pa mọ́ sí, ìwé tó sọ pé ọba kò gbọdọ̀ ṣe báyìí fún wọn, kò gbọdọ̀ gba tọ̀hún lọ́wọ́ wọn. Ìwé yẹn ni dírágónì ń ṣọ́. Ní London, èyí tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary-le-Bow láti 1679 gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ẹranko tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn wà: tata. Lójú àgbẹ̀ tiwa, ajẹko ni tata, àwọn ọmọdé ló ń mú un sun jẹ. Báwo ló ṣe wá di ẹni tí wọ́n ń gbé ga tó bẹ́ẹ̀? Sir Thomas Gresham, oníṣòwò ńlá tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá owó yá, ló kọ́ Royal Exchange, ibi tí àwọn oníṣòwò London á ti máa pàdé. Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní ló ṣí i ní 1571. Tata ni àmì ìdílé Gresham, ó sì gbé e sórí ilé náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé wọ́n gbé baba ńlá wọn jù sínú koríko nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, pé igbe tata ló jẹ́ kí wọ́n rí i. Iná jó ilé náà ní 1666, iná tún jó o ní 1838. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1844 ni wọ́n ṣí i, tata oníwúrà ṣì wà lókè rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo tí ó fi wà lókè, ohun tó ń sọ fún ìlú ni pé ìṣòwò ló ń lọ lábẹ́ òun.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Peter Faneuil, oníṣòwò ará Boston ní Amẹ́ríkà, kọ́ gbọ̀ngàn ọjà kan fún ìlú rẹ̀ ní 1742, tata ni ó fẹ́ lórí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé Boston ti di ojúlówó ìlú ìṣòwò bíi London. Kò yẹ kí n fi èyí pa mọ́: owó òwò ẹrú wà nínú ọrọ̀ Faneuil, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti tọ́ òmìnira Amẹ́ríkà dàgbà ni wọ́n ń pe ilé yẹn títí dòní. Ère lè dára, kí owó tó gbé e sókè má mọ́. Ẹni tó fọwọ́ ṣe tata náà ni Shem Drowne. Bàbà ni ó lù, ó fi wúrà bò ó, ó fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 1755, ilẹ̀ mì ní Boston, tata já bọ́. Thomas, ọmọ Shem, ló tún un ṣe, ní 1768 ó sì ti ìwé kan bọ inú ikùn rẹ̀. Ó pe ìwé náà ní oúnjẹ tata. Inú rẹ̀ ni tata ti ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀: ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, bí ilẹ̀ ṣe mì tí òun fi ṣubú, bí ọmọ ọ̀gá òun àtijọ́ ṣe wo òun sàn. Iṣẹ́ baba ni ọmọ ń tún ṣe yẹn, ó sì fẹ́ kí orúkọ baba òun wà níbi tí òjò kò ti ní lè pa á rẹ́.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1974, àwọn ará Boston gbójú sókè, tata kò sí níbẹ̀ mọ́. Olè ti gbé e. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i: nínú ilé kékeré orí òrùlé kan náà, lábẹ́ àwọn àsíá àtijọ́ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Olè kò rí i gbé sọ̀ kalẹ̀.

George Washington kò fẹ́ tata, kò fẹ́ àkùkọ. Ní 1787, nígbà tó wà ní Philadelphia níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó ní kí Joseph Rakestraw bá òun ṣe àdàbà tó na ìyẹ́ apá, tó há ẹ̀ka igi ólífì sí ẹnu, fún orí ilé rẹ̀ ní Mount Vernon. Ó tiẹ̀ sọ bí wọ́n á ṣe kùn ún: kí àgógó rẹ̀ dúdú, kí ewé ólífì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀gágun tó jagun ọdún mẹ́jọ fẹ́ kí ẹyẹ ọkọ̀ Nóà máa sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún òun. Èmi ò rí ohun tó kù láti ṣàlàyé níbẹ̀.

Ní ọ̀rúndún 19, ẹranko orí òrùlé kúrò lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù àti olówó, ó bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ẹni tó ń sin màlúù gbé màlúù sórí abà rẹ̀, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ gbé ẹlẹ́dẹ̀. Ní etí òkun Massachusetts, àbùùbùtán ni ti àwọn tó ń fi ẹran òkun ńlá yẹn jẹun, ẹja kọ́ọ̀dù sì ni ti apẹja. Kọ́ọ̀dù yìí náà ni wọ́n ń sá gbẹ ní Norway tó ń dé ọjà wa ní líle bí igi. Ẹni tí kò mọ̀wé á gbójú sókè, á mọ ẹni tó ń gbé ilé àti iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tọ́ kí a mọ̀. Agbẹ́gilére á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹranko náà látinú igi, bó ṣe máa tóbi tó gan-an. Wọ́n á fi igi yẹn da irin tó máa mú àwòrán rẹ̀ sínú bí ihò, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀. Inú ihò irin yìí ni wọ́n á tẹ́ bàbà pẹlẹbẹ sí, tí wọ́n á máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa mú gbogbo rẹ̀: iṣan itan, ihò imú, irun ọrùn. Bí wọ́n bá ṣe ń lu bàbà ló ṣe ń le sí i, nítorí náà wọ́n á dá a padà sínú iná kó lè rọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí apá méjèèjì bá pé, wọ́n á jó wọn pọ̀, wọ́n á rẹ́ ojú àpá rẹ̀ títí kò fi ní hàn, wọ́n á sì lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lára. Wúrà yẹn kì í ṣe fáàrí lásán. Kì í dípẹtà, ó sì ń kọ mànà láti ọ̀nà jíjìn, débi pé ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun oko á rí i. Bí wúrà bá ti jẹ tán lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bàbà abẹ́ rẹ̀ á yí sí àwọ̀ ewé, àwọ̀ yẹn náà ni àwọn olùkójọ ohun àtijọ́ ń wá kiri lónìí.

Alvin Jewell bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Waltham, ní Massachusetts, ní 1852. Ní 1867, ó já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú. Ilé iṣẹ́ Cushing àti White ra àwọn irin oníhò rẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹṣin ló tà jù lọ́wọ́ wọn, kì í sì í ṣe ẹṣin tí kò lórúkọ. Black Hawk, Ethan Allen ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1849, àti Dexter jẹ́ ẹṣin eré ìje tí gbogbo ìlú mọ̀ bí a ṣe mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lónìí. Àwòrán wọn tí ilé iṣẹ́ Currier and Ives ń tẹ̀ jáde wà lára ògiri ilé káàkiri, ibẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti wo ìrìn wọn. Ẹsẹ̀ wọn nà, irun ọrùn wọn fẹ́ sẹ́yìn, ìrù wọn gùn tààrà bí ẹni pé eré ló fà á. Ìrù yẹn, bí a ti rí i lára páálí wa níwájú fáànù, òun ló ń mú orí ẹṣin kọjú sí afẹ́fẹ́. Ohun tó dùn ún wò náà ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ àdúgbò a máa yìnbọn sí wọn ṣeré, ihò ọta sì pọ̀ lára àwọn tó dàgbà. Nígbà tí wọ́n wá gbówó lórí ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 20, olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn lórí abà, wọ́n tiẹ̀ fi hẹlikópítà jí òmíràn. Ọ̀pọ̀ onílé ló fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ kalẹ̀, tó gbé ẹ̀dà rẹ̀ sókè. Ó dùn mí pé ó ní láti rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n ṣe fún ìjì kò dà bí ẹṣin mọ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ní ọjọ́ 16 Oṣù Kejìlá 2023, wọ́n gbé àkùkọ tuntun sórí Notre-Dame. Philippe Villeneuve, tó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán ilé tó tún un kọ́, ló ya àwòrán rẹ̀, wúrà sì ni gbogbo ara rẹ̀ ń tàn. Wọ́n tún kó àwọn ohun mímọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé kan kún un tó ní orúkọ nǹkan bí 2,000 ènìyàn tó ṣiṣẹ́ lórí ilé náà: agbẹ́gi, agbẹ́kùúta, alágbẹ̀dẹ, agungi. Gẹ́gẹ́ bí ti Thomas Drowne, wọ́n fún ẹyẹ náà ní ìwé jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Bank, ẹ jáde síta kí ẹ gbójú sókè wo Royal Exchange. Tata ibẹ̀ wà lókè títí dòní. Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹ̀yìn rẹ̀: ibi tí orí yẹn bá kọjú sí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.